Ìtúnwò àti ìgbàjáde fídíò kámẹ́rà ààbò

Ìtúnwò àti ìgbàjáde fídíò kámẹ́rà ààbò ni iṣẹ́ wíwá ohun tí kámẹ́rà ààbò ti ká sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìgbàsílẹ̀, wíwò ó, àti ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì, dísìkì tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ní Nàìjíríà, ilé ìfowópamọ́, ilé epo, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀bù ń lo irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, ní ìlú ńlá bí Èkó àti ní àwọn ìlú bí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ìwúlò kámẹ́rà dúró lórí bóyá ẹnì kan lè gba fídíò náà jáde kí ó tó parẹ́.

Ẹ̀rọ àti àyè ìpamọ́

Oríṣi ẹ̀rọ ìgbàsílẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀. DVR ń gba àwòrán láti ara kámẹ́rà tí a fi wáyà so mọ́ ọn ní tààrà. NVR ń gba tirẹ̀ láti ara kámẹ́rà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn méjèèjì ń fún fídíò pọ̀ ní ìlànà H.264, tí ó jáde ní ọdún 2003, tàbí H.265 ti ọdún 2013, kí ó má baà gba àyè púpọ̀. Nígbà tí dísìkì bá kún, ẹ̀rọ náà máa ń kọ fídíò tuntun lé èyí tó pẹ́ jù lórí. Kámẹ́rà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò gba nǹkan bí gígábáìtì 86 lójúmọ́. Dísìkì tẹ́rábáìtì 1 yóò kún láàárín ọjọ́ 11 sí 12. Ẹni tí olè jà, tí kò sì wá fídíò rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní bá a níbẹ̀ mọ́.

Ìtúnwò

Ẹni tó ń wo fídíò máa ń yan kámẹ́rà, ọjọ́ àti wákàtí, lẹ́yìn náà yóò sáré rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, tàbí kí ó wò ó ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Aago ẹ̀rọ ni ìwákiri yìí gbára lé. Bí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ bá ti kú, aago lè padà sí ọjọ́ àtijọ́ nígbàkúùgbà tí iná mànàmáná bá lọ. Bákan náà, GMT+1 ni Nàìjíríà ń lò. Bí ẹ̀rọ bá wà lórí aago Ṣáínà, GMT+8, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agogo 2 ọ̀sán ní Ìkẹ́rẹ́ yóò hàn bí ti agogo 9 alẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi aago ẹ̀rọ wé aago tòótọ́, kí a sì kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀.

Ìgbàjáde

Ní ìwọ̀n tí a sọ lókè, wákàtí kan láti ara kámẹ́rà kan tó mẹ́gábáìtì 900. Fíláàṣì tí a ṣètò ní FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó tó gígábáìtì 4, nítorí náà fídíò gígùn máa ń pín sí ọ̀nà púpọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo irú fáìlì tí ètò ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n nìkan lè ṣí. A gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà ètò náà mọ́ fídíò. Fífi fóònù ya ojú tẹlifíṣọ̀n máa ń ba dídára àwòrán jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé oníṣẹ́ tó so kámẹ́rà nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, onílé kò lè gba ohunkóhun jáde láìsí i.

Àwọn ìlànà

Ní ọdún 2005, Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ti ìjọba Bìrìtìkó gbé ohun tí ọlọ́pàá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ní kámẹ́rà jáde: kí àyè ìpamọ́ tó ọjọ́ 31, kí ẹni tó mọ ìgbàjáde wà nítòsí, kí ìwé ìtọ́nisọ́nà tó rọrùn sì wà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ní ọdún 2008, Axis, Bosch àti Sony dá ONVIF sílẹ̀ kí ẹ̀rọ oríṣiríṣi lè bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ní Nàìjíríà, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ béèrè pé kí kámẹ́rà ATM ká gbogbo ẹni tó bá lo ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ká nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀.

Níwájú òfin

Apá 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló ń darí ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà wá jákèjádò Nàìjíríà. Ó béèrè pé kí ẹ̀rọ náà ti máa ń ṣiṣẹ́ déédéé ní àkókò náà, ó sì fàyè gba ìwé-ẹ̀rí tí ẹni tó wà ní ipò ojúṣe lórí rẹ̀ fọwọ́ sí. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ ìwé tí a tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé a kò tẹ̀lé apá yìí. Lọ́dún kan náà, fídíò kámẹ́rà hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac, Èkó, wà lára ohun tí ọlọ́pàá fi wá àwọn tí wọ́n fura sí nínú ikú ọmọbìnrin kan. Ní ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó dá méjì nínú wọn lẹ́bi.

Àwòrán tó fi ènìyàn hàn tún wà lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023. Fídíò tí a gbà jáde fún ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ kì í ṣe ohun tí a ń pín kiri lórí WhatsApp.