Viper (ọkọ̀ ogun ojú omi, 1899–1901)

Viper jẹ́ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kàn láti máa lé àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń yin tọ́pídò. Iléeṣẹ́ Hawthorn Leslie ló kàn án ní Hebburn, létí odò Tyne. Ó wọ omi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1899.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ìgbà náà a máa lọ sókè sódò, a sì máa gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì. Tọ́báìnì Charles Parsons ló wà nínú Viper ní tirẹ̀: oru omi gbígbóná ń fẹ́ lu àwọn abẹ̀bẹ̀ irin wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń yí bírí. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 1900, eré rẹ̀ ju nọ́ọ̀tì 36 lọ, bíi kìlómítà 67 ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ ogun tó tíì sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ èédú bí ẹni jẹ ẹ̀pà, pàápàá tó bá ń rọra lọ.

Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1901, nígbà ìdánrawò ogun, kùrukùru bolẹ̀ nítòsí erékùṣù Alderney, Viper sì gun àpáta Renonquet. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ yọ láàyè.

Ti Cobra, ọkọ̀ onítọ́báìnì kejì, ló bani nínú jẹ́ jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ó ṣẹ́ sí méjì lórí Òkun Àríwá. Ènìyàn 12 péré ló là. 67 bá a lọ.

Tọ́báìnì kò tìtorí èyí kúrò nílẹ̀: òun ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ ogun ńlá Dreadnought ní 1906.