Ọ̀rọ̀ Ìbúrawọlé Lincoln (1865)

Ọ̀rọ̀ ìbúrawọlé ni èyí tí olórí ń bá ará ìlú sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá búra fún un. Èyí tí Abraham Lincoln, Ààrẹ Amẹ́ríkà, sọ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé láàárín Àríwá àti Gúúsù ń parí lọ, kúrú gan-an, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìyíniléròpadà inú rẹ̀ jinlẹ̀. Dípò kí ó fi ìṣẹ́gun yangàn, ó ní Bíbélì kan náà ni ìhà méjèèjì ń kà, ó sì fi yé wọn pé ó ṣeé ṣe kí ogun náà jẹ́ ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ ìkónilẹ́rú tí Àríwá àti Gúúsù jọ dá. Ìpè sí àánú tó fi kádìí rẹ̀ ni aráyé mọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ìdájọ́ yìí ló gbé e ró. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni wọ́n yìnbọn pa Lincoln.