Àwo Tí Kò Ṣí: Ọ̀rọ̀ Ìtàn Lórí Àwòrán Ìnáwó Láàrin Èjìgbò àti Abidjan

Ohun tí a gbé wá fún àgbéyẹ̀wò lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ oníṣẹ́-ọwọ́ lásán, nítorí pé ó jẹ mọ́ àwo DVD tí a fi ń tọ́jú àwòrán ìnáwó, àti ojú-ewé tí ó máa ń kọ́kọ́ yọ lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí a bá ki irú àwo bẹ́ẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ, èyí tí àwọn onífídíò ń pè ní mẹ́nù. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni, síbẹ̀síbẹ̀. Ìlú tí n óò fi ṣe àpẹẹrẹ ni Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú tí ìdajì ẹbí rẹ̀ ń gbé ní òkèèrè, tí ó sì jẹ́ pé ojú àwòrán ni ìdajì náà fi ń rí ilé.

Kò sí ẹni tí ó ya Èjìgbò rí tí kò ní ṣàkíyèsí pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ọmọ ìlú náà ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Wọ́n tẹ̀dó sí Abidjan, ní àdúgbò bíi Treichville àti Adjamé. Wọ́n dé Bouaké àti àwọn ìlú tí ojú irin gbà kọjá. Anago ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Ọkọ̀ akérò máa ń gbéra ní Èjìgbò, yóò la ilẹ̀ Benin, Togo àti Ghana kọjá, ẹnubodè mẹ́rin gbáko, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Abidjan. Bí òkú bá kú nílé, tàbí bí ọdún Òrìṣà Ògìyán bá dé, àwọn tí ọ̀nà bá gbà yóò wálé. Àwọn tí ìwé ìrìnnà, owó tàbí ọjà kò bá jẹ́ kí wọ́n wá yóò dúró de àwòrán.

Àwòrán wo ni wọ́n ń dúró dè? Ó yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nípa òrìṣà ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Brazil, kọ̀wé nípa ọdún Ògìyán ní Èjìgbò, ó sì ròyìn bí àwọn ará apá ìlú méjì ṣe máa ń fi ọ̀pá na ara wọn níbi ọdún náà. Fọ́tò àti ìwé ni irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọba Ọmọwọ́nuọlá Oyèyọ̀dé Oyèsosìn gun orí oyè Ògìyán ní 1974, kásẹ́ẹ̀tì VHS kò tíì dé ayé. Ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ JVC gbé e jáde ní Japan. Fọ́tò ìgbà náà, bí ikán kò bá jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ojú yóò rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé gbogbo ohun tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò bá wa kà á.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde ní nǹkan bí 1980 sókè, wàhálà rẹ̀ sì bá a dé. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, tí tẹlifíṣọ̀n Côte d'Ivoire sì tẹ̀lé e ní 1963, funfun àti dúdú ni méjèèjì. Àwọ̀ ni ó ya wọ́n. Nàìjíríà mú ọ̀nà tí Walter Bruch là sílẹ̀ ní Jámánì, èyí tí a ń pè ní PAL. Côte d'Ivoire sì mú SECAM tí Henri de France gbé kalẹ̀ ní Faransé. Àwòrán méjèèjì ní ìlà 625, àwòrán 25 ni ó sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà di àwọ̀ kò bára mu. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ́nà SECAM ní Abidjan, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, yóò jáde ní funfun àti dúdú lórí ẹ̀rọ tí PAL nìkan yé. Aṣọ ẹbí tí wọ́n ná owó gọbọi lé lórí á wá di eérú lójú ìyá àgbà. Lójú tèmi, ẹnubodè karùn-ún nìyẹn, kò sì sí aṣọ́bodè tí a lè bẹ̀.

VCD ni ó tẹ̀lé e. Wọ́n fi ìdí ìlànà rẹ̀ múlẹ̀ ní 1993, àwọn oníṣòwò fíìmù Yorùbá sì gbá a mú nígbà tí ó yá, nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Àléébù rẹ̀ ni pé kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Ìsìnkú àgbà ní agbègbè wa kì í parí láàrin ìṣẹ́jú 80, ẹ̀yin náà mọ̀. Àìsùn nìkan lè jẹ àwo kan.

Ní oṣù Kọkànlá 1996 ni DVD kọ́kọ́ dé ọjà ní Japan. Àwo onípele kan gba bílíọ̀nù báìtì 4.7, ohun tí ó tó fún wákàtí méjì tí ó já gaara. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé DVD kò kọ àwọ̀ sílẹ̀ lọ́nà PAL tàbí SECAM rárá. Ẹ̀rọ tí ń ka àwo ni ó ń tú u sí èyí tí tẹlifíṣọ̀n bá gbọ́. Báyìí ni ògiri àwọ̀ tí ó wà láàrin Èjìgbò àti Abidjan ṣe wó láìsí ariwo. Òfin agbègbè tí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá fi dí àwo wọn kò sì kan àwọn ìlú méjèèjì yìí lọ títí, nítorí pé agbègbè 5 ni Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire jọ wà, àwo tí a bá ṣe nílé kì í sì í sábà ní àmì agbègbè kankan. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà nìkan ni ó kù sí ìdí ìṣòro, nítorí pé ìlà 480 ni DVD tiwọn ń lò, 576 ni tiwa.

Ní 2001 ni Apple gbé iDVD jáde, tí ó jẹ́ kí ará ilé lásán lè ṣe àwo tí ó ní mẹ́nù. Windows DVD Maker bá Windows Vista dé ní 2007. Nero àti DVDStyler náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà kan nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò lè ṣe iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ń ṣe tẹ́lẹ̀. Yóò da kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, yóò gé e, yóò ya mẹ́nù tí ó ní àwòrán olóògbé àti ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún: Àìsùn, Ìsìn, Ìsìnkú, Àríyá, Ìdúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ gbogbo rẹ̀ sórí àwo. Ọ̀pọ̀ irú àwo bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣí mọ́. Kí ni ó fà á?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú àwo. Fódà kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VIDEO_TS. Inú rẹ̀ ni a ti ń rí fáìlì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. VOB ni ó ru àwòrán àti ohùn. IFO ni atọ́nà, òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ibi báyìí ni mẹ́nù wà, ibi báyìí ni àríyá ti bẹ̀rẹ̀. BUP jẹ́ ẹ̀dà IFO, bí ọ̀kan bá bàjẹ́ kí èkejì lè dúró. Bí atọ́nà bá ṣìnà, ẹrù kò sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wo tẹlifíṣọ̀n kò mọ ìyàtọ̀, yóò ní àwo ti kú.

Ẹ wá wo bí atọ́nà ṣe ń ṣìnà. Lójú kọ̀ǹpútà, eku ni oníṣẹ́ fi ń tẹ mẹ́nù, ibikíbi tí ó bá fẹ́ ni ó lè tẹ̀. Nílé, rìmóòtù ni a ń lò, ọfà òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ìlà kọ̀ọ̀kan inú mẹ́nù gbọ́dọ̀ mọ ìlà tí ó kàn án ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí oníṣẹ́ bá fi ìlà kan kún un lẹ́yìn tí ó ti parí, tí kò sì tún ọfà wọ̀nyí ṣe, a óò tẹ rìmóòtù títí, a kò ní lè kúrò lórí Àìsùn dé orí Ìsìnkú. Nígbà mìíràn, ọfà ń rìn, ṣùgbọ́n ojú kò rí i, nítorí pé àmì tí ń fi ìlà tí a yàn hàn wà lórí ìpele tirẹ̀ tí kò lè ní ju àwọ̀ mẹ́rin lọ, èyí tí oníṣẹ́ yàn sì ti bá àwọ̀ ẹ̀yìn mẹ́nù dọ́gba. Ẹlòmíràn kọ orúkọ olóògbé sí etí àwòrán gan-an. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ oníkùn gẹ̀ǹgbẹ̀ sì máa ń fi etí pamọ́, ó wá gé orúkọ olóyè sí méjì. Ìwọ̀sí ńlá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni àwọn ọmọdé yóò fi rín.

Àwọn kan gbàgbé láti pàṣẹ ohun tí ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ṣe bí àwo bá wọlé, ojú tẹlifíṣọ̀n sì dúdú kirikiri. Àwọn mìíràn kò sọ ohun tí yóò tẹ̀lé e bí apá kan bá parí, kí ó padà sí mẹ́nù ni àbí kí ó lọ sí apá tí ó kàn. Ẹ̀rọ kan dúró, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, NTSC ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ yàn fúnra wọn. Oníṣẹ́ tí kò bá wò ó yóò fún àwòrán 25 mọ́ ibi tí nǹkan bí 30 yẹ kí ó wà, ijó a wá máa ta gìrì bí ẹni tí otútù mú. Ìrú rẹ̀ mìíràn tún wà: kásẹ́ẹ̀tì máa ń ya ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ àwòrán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ètò bá sì ṣì wọ́n mú, ohun gbogbo tí ó bá ń sáré yóò máa gbọ̀n. Ẹ fojú inú wo ọ̀pá tí wọ́n ń jù níbi ọdún Ògìyán nínú irú àwo bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyè náà ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n kọ 4.7 sára àwo, kọ̀ǹpútà ní 4.38 ni ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ẹni tí ó ṣe àwo ka ẹgbẹ̀rún kan sí 1000, kọ̀ǹpútà kà á sí 1024. Oníṣẹ́ tí kò mọ èyí yóò di ẹrù rẹ̀ dé 4.6, yóò sì jókòó ti kọ̀ǹpútà ní òru kí ó tó sọ fún un pé kò sí àyè.

Àwọn àṣìṣe tí ó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Bí a bá ju fáìlì sórí àwo bí ìwé lásán dípò kí a ṣe é ní àwo fídíò, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá ti àwo pa lẹ́yìn kíkọ, kọ̀ǹpútà tí ó kọ ọ́ nìkan ni yóò lè kà á. DVD-R dé ní 1997, DVD+R dé ní 2002, ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn sì wà tí kò gba èkejì. Bébà tí a lẹ̀ mọ́ àwo kí ó lè lẹ́wà máa ń jẹ́ kí ó fì bí ó ti ń yí.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ni oòrùn. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ lésà ń jó nínú àwo tí a kọ nílé jẹ́ aró, aró a sì máa ṣá. Àwo tí ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́bàá fèrèsé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní pẹ́ láyé bí èyí tí ó wà nínú àpótí tútù. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dà á kọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti gba nǹkan mìíràn lé lórí, tàbí tí wọ́n dà nù nígbà tí wọ́n rò pé àwo ti dé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kì í sì í sábà ní ojú tí à ń ki àwo bọ̀ mọ́. Apple dá iDVD dúró. Windows 8 tí ó jáde ní 2012 kò mú DVD Maker dání. Àwòrán ìlú tí ó wà láàrin ayé fọ́tò àti ayé fóònù, nǹkan bí ogún ọdún, orí irú àwo bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà: oríkì tí àwọn arúgbó kì kí wọ́n tó lọ, ojú àwọn tí wọ́n kú sí Abidjan, àti ilé alámọ̀ tí wọ́n ti wó.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, bí wọ́n bá fún yín ní àwo kan ní Ìfẹ́-Ọdàn tàbí ní Masífà pé ó ti kú, ẹ má tètè gbà. Ẹ fi omi nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má fi aṣọ yí i po. Ẹ gbé e sínú kọ̀ǹpútà tí ó ní ojú àwo, kí ẹ wò bóyá VIDEO_TS wà níbẹ̀. Bí VOB rẹ̀ bá tóbi, tí ọ̀kan tàbí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì kan, àwòrán wà nílé, mẹ́nù ni ó ń ṣàìsàn. Ẹ ṣí VOB náà ní tààrà. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kọ̀ ọ́, ẹ gbìyànjú òmíràn, nítorí pé ojú lésà kò rí bákan náà.

Ẹ má sì tìtorí pé mẹ́nù ń yọ yín lẹ́nu kí ẹ jù ú nù. Inú rẹ̀ ni a kọ orúkọ olóògbé sí, àti ọjọ́, àti bí ìnáwó ṣe tò tẹ̀léra. Ẹni tí ó bá da VOB àríyá nìkan kọ yóò rí àwọn tí ń jó, kò ní mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń jó fún. Odidi fódà ni kí ẹ dà kọ, tàbí kí ẹ sọ àwo náà lódindi di fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní ISO. Ètò VLC, tí a kì í san owó rẹ̀, ń ṣí méjèèjì. Bí ọfà mẹ́nù kò bá sì ṣiṣẹ́ lórí rìmóòtù, eku kọ̀ǹpútà sábà máa ń rí ọ̀nà gbà dé orí Ìsìnkú.