Àlejò, Àtìpó, Àjèjì: Àwọn Yorùbá Kumasi àti Àṣẹ Ọdún 1969

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia ní orílẹ̀-èdè Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí àṣẹ yìí kàn jù. Ìbéèrè tí ó bí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: kí ni ó ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ibi tí ó ń gbé?

Kí Ghana tó gba òmìnira ní ọdún 1957, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni òun àti Nàìjíríà wà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn wọ Kumasi láìsí pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè ìwé. Wọ́n pàtẹ ní ọjà ńlá ìlú náà, wọ́n gbé ní Zongo, wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn. Ètò ìkànìyàn ọdún 1960 ka nǹkan bí 100,000 Yorùbá ní Ghana. Ibẹ̀ ni a bí púpọ̀ nínú wọn sí, Twi sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu bí Yorùbá.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàárín àlejò tí ó dé lánàá, àtìpó tí ó ti pẹ́ nílùú, àti àjèjì tí a kò mọ̀ rí. Àṣẹ náà kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba gbèsè tàbí láti ta ilé. Ọ̀pọ̀ ta ẹrù wọn ní pọ́ọ́kú, ìsọ̀ wọn sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí a bí ní Kumasi, Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ni àjò.

Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà láti jáde kúrò ní Nàìjíríà. Ọmọ Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ àpò Ghana-Must-Go tí a ń pè láìronú ni ẹ̀rí rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ni ní ìtàn ọdún 1969 tí ó fo ti 1983 kò tíì kọ́ni ní ìtàn.

Ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1981 tí ó sì di òfin ní 1986, ka lílé àwọn àjèjì lápapọ̀ nítorí orílẹ̀-èdè tàbí ẹ̀yà wọn léèwọ̀. Kò ní kí ìjọba má ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni kí a fi ibi tí ènìyàn ti wá dá a lẹ́jọ́. Ìwà ọ̀làwọ́ sí àlejò dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a fi inú rere fún ni, ìbínú lè gbà á padà. Ìdí nìyí tí àtìpó fi nílò ẹ̀tọ́.