Áńpù Gìtá Onítìràńsísítọ̀ àti Iṣẹ́ Rẹdíónííkì ní Ilẹ̀ Ọ̀dàn

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, ohun èlò díẹ̀ bíi bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú ni ẹgbẹ́ bíi ti Túndé King fi ń ṣeré ní Èkó, nítorí pé bí ìlù bá pọ̀ jù, yóò bo ohùn olórin mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun náà ni áńpù, ìyẹn àpótí tí ó ń sọ ohùn tín-ín-rín láti ara gìtá di ńlá kí sípíkà tó gbé e jáde, wọ inú orin jùjú, tí àyè sì gba gángan. Nígbà tí olórin jùjú Ebenezer Obey fi dá ẹgbẹ́ rẹ̀, International Brothers, sílẹ̀ ní 1964, gìtá oníná ti di ara òde ìnáwó.

Ìgò oníná tí wọ́n ń pè ní fáàfù ni áńpù ìgbà náà ń lò, ó sì rọrùn láti fọ́ lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Tìràńsísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ní 1947, ni ó wá rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ áńpù láti àwọn ọdún 1960. Ọ̀nà ìtúnṣe áńpù onítìràńsísítọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti rédíò kékeré, nítorí náà rẹdíónííkì, bí wọ́n ti ń pe ẹni tí ń tún rédíò ṣe, lè fi mítà àti irin ìjólẹ́ẹ̀dì kan náà tún áńpù ṣe.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Òfíkì ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, eruku ọyẹ́ a máa wọ inú bọ́tìnì tí a fi ń yí ohùn sókè, gìtá yóò sì máa dún kàràkàrà. Àwọn kan a da kẹrosíìnì sí i, èyí tí kò dára rárá, nítorí òróró tí ó fi sílẹ̀ ni eruku tuntun yóò tún lẹ̀ mọ́. Iná ló tún burú jù. Áńpù tí wọ́n ṣe fún iná fóltì 120 ti Amẹ́ríkà yóò jó bí wọ́n bá kì í bọ iná fóltì 240 láìlo tìràńsífọ́mà tí ó ń dín iná kù. Bí tìràńsísítọ̀ ńlá bíi 2N3055, tí wọ́n fi ìdè mọ́ irin tí ó ń gba ooru, bá sì ti kú, iná tààrà lè rọ́ wọ inú sípíkà kí ó sì jó wáyà rẹ̀. Nítorí èyí, rẹdíónííkì tí ó mọṣẹ́ a yọ sípíkà kúrò, a sì jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù 100 wáàtì kọjá kí ó tó dé inú áńpù: bí gílóòbù náà bá tàn yòò tí kò rẹlẹ̀, wáyà ti kan ara wọn níbì kan; bí ó bá tàn fìrí tí ó sì rẹlẹ̀, ewu ti dínkù.

Kàpásítọ̀, agolo kékeré tí ó ń tọ́jú iná, a máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, áńpù yóò sì máa kùn hùn-ùn kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ta gìtá. Kàpásítọ̀ ṣì lè gbá ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ áńpù kúrò lára iná, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú iná inú rẹ̀ dànù.

Àwọn ènìyàn a máa ní áńpù àtijọ́ lágbára ju tòní lọ, ṣùgbọ́n èyí kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ń bàjẹ́ dáadáa. Kìkì pé ẹ̀yà rẹ̀ tóbi tó láti yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti òde òní kéré bí irúgbìn, tí ó sì máa ń jẹ́ pé odidi pátákó rẹ̀ ni wọn yóò pààrọ̀.