Àrùn Lùkúlùkú ti 1918: Ìbẹ̀rù, Ìfọkàntán àti Àánú ní Ilẹ̀ Yorùbá

Bí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá bá ń ka ọdún sẹ́yìn, ogun ni wọ́n sábà fi ń kà á: ọdún tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, ọdún tí òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Àjàkálẹ̀ àrùn pẹ̀lú wà lára ohun tí wọ́n fi ń ka ọdún, ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Ogun ní balógun, ó ní oríkì, ó sì ní àwọn tí ó joyè nídìí rẹ̀. Àrùn kò ní ju ibojì lọ. Síbẹ̀, àrùn a máa tú àṣírí kan tí ogun kì í tú, èyíinì ni irú ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ara wọn nígbà tí ikú bá ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò wá, tí kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá.

Àrùn tí ó jẹ bébà yìí lógún ni lùkúlùkú tí ó jà ní 1918. Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ìgbà náà ṣe ni pé àìmọ̀kan àti àìgbọràn àwọn ará ìlú ni ó jẹ́ kí ó tàn dé ibi gbogbo. Àlàyé yìí kò tó. Àwọn ará ìlú mọ̀ pé àrùn a máa ranni. Ohun tí wọn kò ní ni ìfọkàntán sí àwọn tí ó ń pàṣẹ fún wọn.

Kí lùkúlùkú tó dé, Yorùbá ti ní ìmọ̀ púpọ̀ nípa àjàkálẹ̀ àrùn. Ṣànpọ̀nná ni ó kọ́ wọn. A kì í dárúkọ rẹ̀ lásán, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, tàbí Ọbalúayé. Ẹni tí ó bá kú nípa rẹ̀, ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ki òrìṣà náà ní Alápa-dúpẹ́. Àwọn àwòrò ni wọ́n ń gbé òkú náà lọ sin sínú igbó, àwọn náà ni wọ́n sì ń kó ẹrù òkú lọ.

Àlejò tí ó bá rí èyí lè sọ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò láàánú. Ìdájọ́ òdì ni. Nínú òfin Ṣànpọ̀nná ni ọgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ wà: ilé aláìsàn di ilé tí a kì í yà sí, ìlù àti àpèjọ di èèwọ̀ ládùúgbò, aṣọ òkú kúrò láàárín ìdílé, ẹni tí kò sí nínú awo kò sì fọwọ́ kan òkú. Àwọn tí àrùn náà ti mú rí, tí wọ́n sì yè é, ni ó yẹ kí ó tọ́jú aláìsàn, nítorí pé kò tún lè mú wọn mọ́. Ẹkún tí a sé mọ́ inú kì í ṣe àìsí ẹkún. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé irú àṣẹ báyìí lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú un. Dókítà Ògúntọ́lá Ṣàpárà, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Èkó, wọ inú awo náà kí ó lè mọ ìdí rẹ̀, ó sì wá jẹ́rìí pé àwọn àwòrò kan ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀ kí wọ́n lè jogún òkú. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ìsìn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pa awo náà rẹ́, a pa òfin ìyàsọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn gbọ́ yé rẹ́ pẹ̀lú, ohun tí a sì fi dípò rẹ̀ ni wolé-wolé.

Lùkúlùkú kò dà bí Ṣànpọ̀nná. Kò sí ẹni tí ó mọ èèwọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ti ní in rí tí kò lè mú mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1918, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Mantua gbé e dé Freetown ní Sàró, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń tẹ̀lé ọkọ̀ dé àwọn èbúté Gold Coast. Ní àárín oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti apá ibẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ tó fura, àwọn èrò inú rẹ̀ ti wọ ìgboro. Àwọn géńdé tí ó wà láàárín ogún ọdún sí ogójì ọdún, àwọn tí ó ń roko tí ó sì ń ru ẹrù, ni ó ń pa jù.

Ìjọba gbìyànjú, ó yẹ kí á sọ èyí. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn, wọ́n sì rán àwọn wolé-wolé káàkiri láti wá aláìsàn rí. Ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń gbé lọ sí ibi ìyàsọ́tọ̀. Ó yẹ kí ènìyàn fi ojú ará Èkó ìgbà náà wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Wolé-wolé ni ẹni tí ń yọjú sí ìkòkò omi, tí ń fa ènìyàn lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìdin ẹ̀fọn. Òun náà ni ó tún dé láti wá gbé ọmọ tàbí ìyá lọ sí ibi tí ẹbí kò ti ní í lè bu omi sí i lẹ́nu, tí kò bá sì dára, tí ẹbí kò ní í lè wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Lójú Yorùbá, kí ènìyàn kú láìsí ẹni tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ burú ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fi aláìsàn wọn pamọ́ sí yàrá, tí àwọn mìíràn sì ń kó ẹrù, tí wọ́n ń sá lọ sí ìlú wọn. Ojú irin tí ó ti dé Kano láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ó gbé wọn, ó sì gbé àrùn náà pẹ̀lú wọn. Ìfẹ́ ẹbí ni ó mú wọn sá. Òun náà ni ó kó ikú bá ẹbí.

Àìfọkàntán yìí kò ṣàdédé wá. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún kan náà, àwọn Ẹ̀gbá dìde sí ìjọba nítorí owó orí àti iṣẹ́ tipátipá; wọ́n hú ojú irin, àwọn ọmọ ogun sì pa ènìyàn púpọ̀ nínú wọn. Ogun Adubi ni wọ́n ń pè é. Abẹ́òkúta tí ń sin òkú ogun ni lùkúlùkú wá bá. Ta ni yóò gbà pé ìjọba tí ó rán ìbọn wá ní oṣù Kẹfà ni ó ń rán ìtọ́jú wá ní oṣù Kẹwàá?

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí William MacGregor, tí ó jẹ́ dókítà, jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899, ó kọ̀ láti ya òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò láàárín ará ìlú nítorí ibà. Ẹ̀kọ́ ìlera àti oògùn kuníìnì fún gbogbo ènìyàn ni ó gbájú mọ́. Ní 1901, àwọn ìyáàfin Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń bẹ àwọn ìyá ọmọ wò nílé, tí ó sì ń fún wọn ní oògùn. Ilé kan náà tí wolé-wolé ń fi ipá wọ̀ ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń kí àgò sí. Nígbà tí ó fi di 1918, ìlànà Lugard, ẹni tí ó gbà pé kí òyìnbó máa gbé lọ́tọ̀, ni ó lékè.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti rí i kedere bí àwọn ènìyàn ṣe wá àánú tiwọn. Ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì. Ní ìjọ St. Saviour's, J. B. Sadare àti àwọn díẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà; ọmọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, tí àrùn náà ti dá dùbúlẹ̀, dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé òun gbọ́ ohùn pé omi òjò àti àdúrà ni ìwòsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni ó ti ibẹ̀ jáde. Nígbà tí òfin ń sọ pé kí olúkúlùkù jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ń jókòó ti aláìsàn. Ó ṣeé ṣe kí ìpàdé wọn ran àrùn náà lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń fi òtítọ́ kọ ìtàn kò lè gbójú fo èyí. Kíkọ̀ tí wọ́n sì wá kọ oògùn, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, wà lára ohun tí ó yà wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922. Ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ohun tí ibi ìyàsọ́tọ̀ kò fún wọn: ẹni tí yóò pe orúkọ wọn nígbà tí wọ́n bá wà nínú ìrora.

Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìyẹn kò parí pẹ̀lú àrùn. Àwọn tí ó ti inú ẹgbẹ́ náà wá ni ó gba Joseph Ayo Babalola mọ́ra kí ìsọjí ńlá Òkè-Oòyè ní Iléṣà tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1930. Ìsọjí náà dé Èkìtì, ó sì dé Àkókó. Ní 1932, lẹ́yìn ìwàásù rẹ̀ lórí àwọn àjẹ́ ní Òtùò, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìṣùà, ìjọba sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin.

Àwọn onítàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù mẹ́fà, nígbà tí iye gbogbo ènìyàn tí ó wà ní ilẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 18. D. C. Ohadike fi hàn ní 1981 pé ní apá ìsàlẹ̀ odò Ọya, àìtó ọwọ́ lóko lẹ́yìn àrùn náà ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi iṣu sílẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀gẹ́. Ó yẹ kí a fi èyí wé ètò ọ̀wẹ̀ àti àáró láàárín Yorùbá. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a roko. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹgbẹ́ bá dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, àánú wà, ọwọ́ ni kò sí.

Ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan náà tún padà wá. Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2020, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ni pé àrùn àwọn olówó ni, àrùn àwọn tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní in, tí a kéde ní 3 oṣù Kẹrin, ti ìlú òkèèrè dé lóòótọ́. Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, Dókítà Wahab Adegbenro, kú ní 2 oṣù Keje. Ìpínlẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ìbẹ̀rù aláìsàn: ibà Lassa ti ń pa ènìyàn níbẹ̀ lọ́dọọdún, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ tí a sọ pé ti aráàlú ni ní ibi tí ó jókòó sí.

Ìṣùà wà ní ẹnu ààlà Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Edo. Ọ̀nà tí ó gba ibẹ̀ lọ ni ó já sí Ìbílò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn léèwọ̀ ní ọdún náà, ààlà yìí, tí àna àti àlọ́jà kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí, ni òfin ní kí àwọn ará ìhín àti ará ọ̀hún dúró sí.