Tí Gbogbo Aago Bá Dákẹ́, Ta Ló Máa Mọ Ọjọ́?

 

Ká ní iná lọ, kò padà mọ́. Fóònù yín kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, kò sẹ́ni tó ń tẹ kàlẹ́ńdà mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, báwo lẹ ṣe máa mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wà? Inú fíìmù la ti máa ń rí irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, ayé ti dàrú bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárín ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú ìjọba ńlá, dahoro. Ogun fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú. Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ìlú Ẹ̀gbá tí àwọn onílé ti sá kúrò ni, kí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829. Ẹ wo àwọn tó kóra jọ yìí: wọn ò mọra wọn, ọba wọn ò pọ̀, aago ò sí lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ẹni tó ní iṣu gbọ́dọ̀ pàdé ẹni tó ní iyọ̀. Nígbà wo?

Ohun tí ogun ò rí kó lọ ni ìṣirò ọjọ́. Gbogbo wọn ló mọ ọjọ́ mẹ́rin: Ọjọ́ Awo, Ọjọ́ Ògún, Ọjọ́ Jàkúta, Ọjọ́ Ọbàtálá. Tó bá parí, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, kí ló dé tá a fi ń pè é ní ọjà ọrọọrún? Ṣé àwọn bàbá wa ò mọ ìṣirò ni? Rárá o. Ọjọ́ tí wọ́n wà gan-an ni wọ́n máa ń kà mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà ń ṣe é: tẹ́ ẹ bá ní ìjẹta, ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni, àmọ́ ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀: òní, àná, ìjẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, tí ìtàdógún sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ìyẹn ọrún mẹ́rin gééré.

Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, àwọn ọjà tó sún mọ́ra kì í sábà bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ọjà ti wá di kàlẹ́ńdà. Gbèsè, ìpàdé ẹgbẹ́, owó èésú, orí ọjà ni wọ́n ń dá a sí. Tẹ́ ẹ bá ṣi ọjọ́ kan péré kà, ẹ máa ru iṣu dé ọjà tó ṣófo, ẹ máa tún rù ú padà.

Ti wákàtí ńkọ́? Àkùkọ ń kọ ní ìdájí, òjìji ń bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Lágbègbè Ìbàdàn, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún ò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Oòrùn ò ní já yín kulẹ̀.

Ọjọ́ méje náà wọlé. Àwọn Mùsùlùmí ti wà ní Ọ̀yọ́-Ilé kó tó tú. Ọ̀dọ̀ wọn la ti gbọ́ Àlàmísì àti Jímọ̀. Ní 1853, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ní 1901, rélùwéè dé, ó ní kéèyàn máa wo aago. Síbẹ̀, ọjà ọrọọrún ò parẹ́. Tí ọjà bá bọ́ sí Mọ́ńdè lónìí, Fúráìdè ló kàn, lẹ́yìn náà Túsìdeè. Ó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kó tó padà sí Mọ́ńdè. Àwọn ìyá ọlọ́jà sì ń fi orí ka méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ẹnì kan ṣoṣo ò lè tọ́jú ọjọ́. Ẹni tó dá wà máa sùn gbàgbé, àìsàn máa dá a dúró, ìṣirò á dàrú. Ṣùgbọ́n tí igba èèyàn bá ń retí ara wọn lọ́jà, ọjọ́ ò lè sọnù. Àdéhùn ló ń pa ọjọ́ mọ́, kì í ṣe aago.

Iṣẹ́ tiyín nìyí: ẹ pe màmá àgbà yín kí bátìrì tó kú. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ọjà abúlé yín máa ń bọ́ sí. Tí wọ́n bá lọ tán, fóònù ò ní sọ ọ́ fún yín.

Ó dìgbà kan ná.